Ọwọ́ Kan Nínú Òkùnkùn Etí Òkun

Nígbà tí mo ń lọ sí Àbíjáǹ, ìyá mi kò ní kí n kọ́lé, kò ní kí n máa fi aṣọ ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sọ nígbà tó sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ó ní bí mo bá rí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níbẹ̀, mi ò gbọdọ̀ pè é. Kí n kàn wò ó bóyá ara rẹ̀ le, kí n sì wá sọ fún òun.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi náà kú.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá kò ní bi mí pé kí ló dé. Òbí kì í sin ọmọ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n mú ìyá mi lọ sílé àwọn ẹbí rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó rí òkú, wọn ò sì fi ibojì hàn án. Ẹni tí kò rí òkú kò lè mọ ibi tí yóò kó ẹkún sí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni oníṣòwò kan ti Àbíjáǹ dé sí Èjìgbò, ìlú wa, ó ní òun rí i lọ́jà Treichville, ó gbé aṣọ lé èjìká. Òun pè é lórúkọ, ó yà sẹ́yìn ìsọ̀ kan, ó di àwátì. Gbogbo ilé pariwo pé akúdàáyà ni. Ìyá mi kò pariwo. Inú bí i sí oníṣòwò náà ni. Ó ní, "Ta ló ní kó pè é?"

Olùkọ́ ni mí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Marcory, ẹnu mi sì mú láti sọ pé mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa ń wá lọ sí ọjà Treichville ní ọ̀pọ̀ Sátidé, tí mi ò ra nǹkan kan? Ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni mo máa ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìka ọmọńdinrín kan tí ìlẹ̀kùn há mọ́ kí wọ́n tó bí mi, ó tẹ̀ wọnú bí ìwọ̀ ẹja. Ojú rẹ̀ ti ń pòórá lọ́kàn mi, ìka náà kò pòórá. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan náà kò pòórá. Bó bá jẹ ẹran tó dùn tàbí tó rí ohun tó wù ú, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ayé ò tíì tán lónìí." Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìgbàkigbà tí mo bá tẹ ìyá mi láago, ìbéèrè kan náà ni: "O ò tíì rí i?" Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé, òun ló máa ń di fóònù mú sí i létí. Ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kó tó lọ. Ó dùn mí débi pé mo máa ń sún ìpè náà síwájú.

Obìnrin kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Treichville ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ àgbà ló ti ìlú wa wá. Yorùbá rẹ̀ dà bí ìrẹsì tí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, Faransé ni òkúta ibẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú rẹ̀. Ó ní awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, èyí tí òyìnbó kan tà fún un nígbà tó ń sá kúrò ládùúgbò Biétry lákòókò rògbòdìyàn. Lóṣù tí ọyẹ́ bá mú, tí òṣùpá kò sí lókè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a gbé awò lọ sétí òkun, wọn a sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá wò. Lọ́jọ́ tó ní kí n wá ran òun lọ́wọ́, mo lọ nítorí pé ilé sú mi.

Àwọn sójà dábùú ọ̀nà. Wọ́n rí ohun gígùn tó nà gbalaja lẹ́yìn mọ́tò, aṣọ bẹ́ẹ̀dì la fi wé e, wọ́n sì gbé ìbọn sókè. Ó kù díẹ̀ kí n tọ̀ sára. Arábìnrin náà fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé, ó tú aṣọ náà, ọ̀gá wọn sì tẹjú mọ́ ọn. Ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí, a ò sì sọ fún un. Ó ní ká máa lọ.

Ibi tí a dúró sí wà lójú ọ̀nà Bassam. A ti fi Vridi sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iná ilé ìfọpo tó wà níbẹ̀ ṣì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lápá ọ̀tún wa. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, àwọn èèyàn sì ti ń dé láti abúlé tó wà nítòsí. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan iná funfun, nítorí pé ojú tí òkùnkùn bá ti mọ́ lára yóò tún fọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Mo ní tọ́ọ̀ṣì lápò. Arábìnrin náà rí i bí mo ti tàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, pas de lumière! Ẹ fi sápò."

"Mo ti gbọ́, Madame. Bí mo bá ṣubú, ìwọ lo máa gbé mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró, ogún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ohùn nìkan là ń gbọ́, ohùn òkun sì ń jẹ ìdajì rẹ̀.

Iṣẹ́ tí arábìnrin náà gbé fún mi kò le. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìràwọ̀ nínú òkùnkùn a máa kọlu ẹsẹ̀ awò, a sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo ní láti dúró níbẹ̀, kí n di ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó kàn mú, kí n gbé e lé etí ojú awò, kí n ní, "Ibí ni, ẹ tẹrí ba." Ọwọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí le bí igi, èyí rọ̀, èyí ń rùn bí ẹja, èyí ní òrùka mẹ́ta. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ nìkan ló wá, àwọn tó ni wọ́n wà nílé. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi, ẹ̀rín náà kò sì dùn létí ara mi.

Ìkùukùu kan tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí òyìnbó ń pè ní Orion ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà arábìnrin yìí yí awò náà sápá gúúsù, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí òkun. Ó ní ìkùukùu míì wà níbẹ̀ tó jìnnà ju èyí lọ, ìràwọ̀ tí kò lóǹkà ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí sì ti kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú dó láyé. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òmíràn nínú wọn ti kú.

"Mais attention," ló ní, "ẹ má wò ó tààrà o. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó direct, il disparaît, ó máa lọ. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́, ó máa jáde fún yín."

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, má pè é kó má baà lọ, láti ẹnu olùkọ́ físíìsì.

Ọwọ́ kan wá sínú ọwọ́ mi lẹ́yìn èyí. Ó tutù, ó gbẹ. Mo gbé e lé etí awò bí mo ti ń ṣe, ìka mi sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọńdinrín rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ wọnú bí ìwọ̀ ẹja.

Mi ò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó wo ohun tó ń wò, ìgbì òkun sì dé, ó tún padà. Ó mí kanlẹ̀.

"Ayé ò tíì tán lónìí," ló wí.

Yorùbá ìlú wa ni. Orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi, orúkọ oríkì tí ìyá wa máa ń fi jí i láàárọ̀, mo gbé e mì. Àtàǹpàkò ọwọ́ mi kejì ti wà lórí tọ́ọ̀ṣì nínú àpò. Bí mo bá tàn án, tí kì í bá ṣe òun, mo ti pa ìrètí ìyá mi. Bó bá sì jẹ́ òun, á lọ, èmi ni mo sì lé e. Mo yí ojú mi sápá òkun. Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ní kí n mọ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, sà. Ṣé ara le?"

"Ara le, àbúrò. Bá mi kí ilé."

Ta ló sọ fún un pé àbúrò ni mí? Kò rí mi. Mo fẹ́ dáhùn nígbà tí mọ́tò kan já sójú ọ̀nà, tí iná rẹ̀ gbá gbogbo etíkun bí ìgbálẹ̀. Arábìnrin náà ké pé, "Phares! Ẹ dijú! Ẹ dijú!" Gbogbo wa dijú, bí òfin ibẹ̀ ti wí. Èmi náà dijú, mo sì dì í pinpin, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá là á báyìí, màá rí i. Ọwọ́ náà yọ kúrò nínú tèmi jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà. Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ obìnrin kan tó ń rùn bí ẹja ló wà nínú ọwọ́ mi.

Nígbà tí à ń di ẹrù, mo bi arábìnrin náà pé ta ni ọkùnrin Yorùbá tó wá.

"Yorùbá kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Treichville ò wá o. À cause du barrage, àwọn sójà ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rù bà wọ́n. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni Yorùbá níbẹ̀, c'est tout."

Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, mi ò tíì mọ̀ títí dòní bí méjèèjì ṣe gba inú èèyàn kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo tẹ ìyá mi láago. Kí n tó kí i tán ló ti bi mí.

"Mo rí i, màmá."

"Ṣé o pè é?"

"Mi ò pè é. Mi ò wo ojú rẹ̀."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìka. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sọ ọ́, ẹ̀rín ọmọdé tó jíṣẹ́ ire. Mo ní, "Ara rẹ̀ le, màmá. Ó ní kí n kí ilé." Kò dáhùn ìkíni náà, mo rò pé kò gbọ́ ni.

"Ìka ọwọ́ wo?" ló bi mí.

"Ọ̀tún."

Ó dákẹ́ pẹ́, mo sì rò pé owó fóònù ti tán. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ padà wá, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Òun ni. O ṣeun, ọmọ mi, o ti ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n má padà lọ sétí omi yẹn mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n ní ó ti sùn.

Mo lọ sílé fún ìsìnkú. Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ti lọ. Mo ní kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó pé màmá gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́wọ́," ló ní. "Ọmọdé ni àwa méjèèjì. Ọwọ́ òsì ni."

"Ọ̀tún ni."

"Òsì ni. Ìwọ kéré, àṣìrántí lo ṣe. Mo di fóònù mú lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ gbogbo yín. Bí ọ̀rọ̀ yín ti parí, màmá ní kí n ti fèrèsé, kí n ti ìlẹ̀kùn, kí ẹni tó kí wa má baà wọlé. Ó ní, 'Kì í ṣe òun.' Ó wá sunkún ọmọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti kú."

Mo bi í pé kí ló dé tí màmá fi sọ fún mi pé òun ni.

"O ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù," ló ní.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mò ń wò lórí orúnkún mi. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ti dúró tì mí nínú òkùnkùn, ó pè mí ní àbúrò, ó ní kí n bá òun kí ilé. Mo sì ti bá a kí i.