Kabúrétọ̀ Ìjàpá Alhájà Ràmọ́tà

Nígbà tí Alhájà Ràmọ́tà ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, kò sí abúlé tó yí Ọ̀yọ́ ká tí wọn ò mọ ìró ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ Ìjàpá ni, ó funfun bí ẹyin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a sì máa dún pọ̀-pọ̀-pọ̀ lẹ́yìn bí ẹni ń gúnyán lọ́nà jíjìn. Bí aboyún tó ń rọbí bá gbọ́ ọ, á ní, "Wọ́n ti dé," ara rẹ̀ á sì balẹ̀ díẹ̀.

Alhájà fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà fẹ̀yìn tì sábẹ́ igi ọsàn. Bí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀, á húkọ́, á pòṣé, á dákẹ́. Alhájà a máa jókòó tì í nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, oorun a gbé e lọ, á sì máa gbọ́ ìró náà lójú oorun.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tà á fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́mù," ni Mùjídàt, ọmọ rẹ̀, wí.

"Ṣé ẹni tó ń sùn ni wọ́n ń sin ni?"

Mẹkáníìkì àdúgbò ní kabúrétọ̀ ló bàjẹ́, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ó tú u, ṣùgbọ́n kò mọ àtúnṣe rẹ̀. Ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í lò ó mọ́. Ó ní kí Alhájà gbé e lọ bá Mashood, tó ń tún kabúrétọ̀ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Sábó.

Alhájà fi ìborùn wé e, ó wọ mọ́tò, ó gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ìkùukùu ṣì bo àwọn oko kajú lẹ́bàá ọ̀nà. Òórùn epo tó jò sí ìborùn gbé e padà sójú ọ̀nà abúlé: eruku pupa lẹ́yìn, igbe ọmọ tuntun létí. Nígbà tó lajú, wọ́n ti dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Háà, Alhájà! Ó pẹ́ tí mo ti rí irú èyí," ni Mashood wí.

Ó tú u palẹ̀ sórí aṣọ. Ó fi pẹtiróòlù fọ ìdọ̀tí dúdú kúrò, ó fẹnu fẹ́ àwọn ihò tó tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Ohun kékeré tó ń léfòó nínú rẹ̀ ti lu. Ó fi òjé dí i.

"Rọra o," ló bọ́ lẹ́nu Alhájà, bó ṣe máa ń sọ fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìgbẹ̀bí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mò ń rọra, mà."

Lọ́jọ́ kejì Mashood wá sí Ọ̀yọ́, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ojú Alhájà ò ríran jìnnà mọ́, nítorí náà Mùjídàt ló di ìdarí mú. Inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ẹ́ńjìnnì húkọ́. Mashood yí ṣúkúrù kan díẹ̀. Ó tún húkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ẹyẹ fò lórí igi ọsàn. Mùjídàt bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá àti ọmọ gba iwájú ọjà Akẹ̀sán jáde nílùú.

"Màmá, ibo là ń lọ?"

"Ṣá máa lọ."

Látìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà, Alhájà ò jókòó sápá èrò rí. Nígbà tó ń wà á, kòtò ojú ọ̀nà nìkan ló máa ń wò. Ó yọ ọwọ́ síta ojú fèrèsé, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.