Ilẹ̀ Dúdú Lójú Ọ̀nà Ìjàn

Bí ènìyàn bá ń wá ìjà Bàbá Ilésanmí ti Òkè-Ìlá ní Adó, kí ó sáà ti sọ pé ọ̀nà Adó sí Ìjàn kò dára. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó la ọ̀nà náà ní 1945, òun náà ló sì ń tún un ṣe títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi. Bí mọ́tò bá kó sí kòtò níbẹ̀, bàbá á mọ kòtò tó jẹ́, á sì mọ ọdún tí òun kọ́kọ́ dí i. Kò sí ẹni tó bi í léèrè o, ṣùgbọ́n yóò sọ ọ́ dandan.

Nígbà tí wọ́n wá kéde ní 1978 pé ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà náà lójú, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Kí katapílà tó dé, àwọn kan ti yunifásítì wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wò, kí àwọn mọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sínú ilẹ̀ kí irin tó bà á jẹ́. Obìnrin kan, Olúbùnmi, ọmọ Ìgbẹmọ, ni olórí wọn. Ó wọ ṣòkòtò, ó dé akẹtẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ba kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ará Òkè-Ìlá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: gbogbo ìwé tó kà, àpáàdì ló wá ń ṣà. Ìyá kan tí ìkòkò rẹ̀ fọ́ láàárọ̀ ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀gá náà, iṣẹ́ wà nílé òun.

Bàbá Ilésanmí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Olúbùnmi ti wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn rìn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà náà bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rìn. Wọ́n á na okùn, wọ́n á máa wo ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti rí àpáàdì, ìdàrọ́ irin àwọn alágbẹ̀dẹ tàbí ìpìlẹ̀ ahoro, wọ́n á kan èèkàn pupa síbẹ̀, Olúbùnmi á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tó bá ní èèkàn ni wọn yóò gbẹ́ wò. Ibi tí kò bá ní, katapílà ló ni ín ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ó fi ibi gbogbo hàn wọ́n, àfi ibì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi ìyeyè kan, lẹ́yìn ibi tí àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wà láyé ọjọ́un, àgbàlagbà tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ láti àárọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yára bí ẹni tí òjò ń lé. Olúbùnmi dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Igbó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí igi yìí mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ń ro ó.

"Bàbá, kí ló wà níbí?"

"Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀."

"Ta ló wá ń ro ó?"

Àgbà tó bá ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú á tì í láti pa èkejì. Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó tirẹ̀ pàápàá rí.

Ní ọdún tí wọ́n ń la ọ̀nà, òun àti Òjó ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wà ní àgọ́ yìí. Òjó àti Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin kan, Bọ́sẹ̀, àkọ́bí wọn. Ọdún náà tó pé ọmọ ọdún méjì ni ibà kọlù ú, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì fi ṣe é. Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni í gbé e lọ, wọn kì í sì í sọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Ilésanmí ló gbé Bọ́sẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún Àyọ̀kẹ́ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́; lóòótọ́, ó bí ọmọ mẹ́ta mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Àyọ̀kẹ́ bá ń lọ sí Ìjàn, àárín títì gan-an ló máa ń rìn. Àwọn awakọ̀ á fun fèrè, wọ́n á bú u, kò ní yà. Kò mọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí òun lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kó má lọ jẹ́ orí ọmọ òun.

"Ṣé ìyá náà ṣì wà láyé?" Olúbùnmi bèèrè.

"Ó wà. Òjó ti kú, ṣùgbọ́n òun wà. Ulé rẹ̀ é jìnnà sí tèmi rárá; a jọ wà ní Òkè-Ìlá ni."

Olúbùnmi pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní bí òun bá kan èèkàn síbẹ̀, inú àpótí ni ohun tí wọ́n bá rí yóò bá dé yunifásítì, òun kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀, bàbá. Bó bá gbà, èmi fúnra mi ni màá gbẹ́ ẹ, kí ẹ lè gbé e lọ sílé."

Ìyá Adéfúnkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe Àyọ̀kẹ́, ọmọ tó tẹ̀lé Bọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, nígbà tí Ilésanmí wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá sọ ohun tí katapílà fẹ́ ṣe àti ohun tí ọmọ Ìgbẹmọ náà wí. Àyọ̀kẹ́ kò sunkún. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ orí itan rẹ̀ títí.

"Ẹ má sọ ubẹ̀ fún mi," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ sáà gbé e wá ulé. Ẹ̀yìnkùlé mi ni kẹ́ ẹ gbé e sí. N ó wà ní yàrá, n ó kọjú sí ògiri. N é ní wò ó."

Ní àárọ̀ Sátidé, Olúbùnmi kúnlẹ̀ nídìí igi ìyeyè. Kò lo ọkọ́. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn bíríkìlà fi ń lẹ símẹ́ńtì ló fi ń họ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Bàbá dúró tì í pẹ̀lú igbá tuntun àti aṣọ funfun. Oòrùn mú, wọn kò rí egungun kankan. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé díẹ̀ ni wọ́n rí, tí òwú rẹ̀ ti jẹrà, àti ilẹ̀ kan tó dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Olúbùnmi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Egungun rẹ̀ dà?" bàbá bèèrè.

"Ilẹ̀ wa máa ń jẹ egungun, bàbá, àgàgà ti ọmọdé. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀."

Bàbá jókòó sínú erùpẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Kí ni òun yóò gbé lọ fún obìnrin tó jókòó sí yàrá tó kọjú sí ògiri? Gbogbo ọdún tó fi ń ro ìdí igi yìí, ṣé òfo ló ń ṣọ́?

Olúbùnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé ilẹ̀ dúdú náà. "Ẹ wò ó dáadáa. Pupa ni gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ara ènìyàn tó ti di ilẹ̀ ló dúdú báyìí. Orí rẹ̀ rèé. Ibi tó ká ẹsẹ̀ sí rèé. Òun náà nìyí, bàbá. Kò lọ síbì kankan."

Bàbá nu ojú, ó wò ó. Lóòótọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ni ọmọ náà fi lélẹ̀, bí òun ti tẹ́ ẹ gan-an, tó ká ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ lásán bu ilẹ̀ náà títí wọ́n fi kan pupa. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sínú igbá. Olúbùnmi kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ó ní kí àwọn fi ọkọ̀ gbé bàbá, bàbá kọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi gbé e lọ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ náà ni yóò fi gbé e bọ̀. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé Òkè-Ìlá.

Fèrèsé yàrá Àyọ̀kẹ́ wà ní títì. Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọmọ náà sí i, ó bò ó, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn láti inú yàrá.

"Ẹ ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán."

"Ṣé ó wúwo?"

Bàbá wo apá rẹ̀ méjèèjì tó fi gbé e. "Ó wúwo, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó wúwo gan-an."

Ó gbọ́ tí Àyọ̀kẹ́ ń sunkún lẹ́yìn ògiri, ó sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ẹkún náà.

"Ó dára," Àyọ̀kẹ́ ní. "Ó ti fúyẹ́ jù nígbà tí mo gbé e fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni é fi jẹun rárá."