Tíì Dókítà Mosonik

Ọjọ́ ìsìnkú Arap Chumo ni Dókítà Mosonik ṣe èyí tí gbogbo ìlú wa, Bomet, ṣì ń sọ. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa Chumo. Fún oṣù méjì kó tó kú, omi pàápàá kò lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Pósí ṣì wà níwájú wa nígbà tí wọ́n gbé tíì oníwàrà fún Pásítọ̀ Sigei, ooru ń ru túú lórí rẹ̀. Bí Pásítọ̀ ṣe gbé ife dé ẹnu ni Mosonik na ọwọ́, ó ki tẹ̀mómítà bọ inú rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà! Méjìléláàádọ́rin!"

"Kí ni méjìléláàádọ́rin?"

"Ooru tíì yín. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí ọgọ́ta."

"Dókítà, òkú là ń sin níbí o."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó kú. Mi ò tíì fẹ́ kọ tiyín."

Pásítọ̀ rọra gbé ife kalẹ̀.

Mosonik kì í gún abẹ́rẹ́, kì í ṣiṣẹ́ abẹ. Kíka àwọn aláìsàn àti òkú ni iṣẹ́ tirẹ̀: ta ni jẹjẹrẹ yìí pa, ilé wo ló ti wá, kí ló ń jẹ, kí ló ń mu. Nínú ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́, ó bi ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn bóyá tíì wọn máa ń gbóná jù. Gbogbo wọn ní rárá, bó ṣe yẹ ló ń gbóná. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: tíì ò jẹ̀bi. Ó gbé ìwé náà lọ fi han ìyá rẹ̀, Taprandich, tí gbogbo wa ń pè ní Kogo, ìyá àgbà. Inú Kogo dùn, ó bu tíì fún un. Mosonik mu ún lẹ́ẹ̀kan, àjà ẹnu rẹ̀ bó.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tiyín kì í gbóná!"

"Ṣé èyí náà gbóná ni?"

Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń ki tẹ̀mómítà bọ inú tíì wọn, kó tó kọ ìwé tó já ìwé ara rẹ̀ nírọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbé tíì tí ooru rẹ̀ ti rọlẹ̀ fún àlejò ti ní kó máa lọ sílé. Nítorí náà, bí ẹni ń ra màlúù ni Mosonik ṣe ń ná ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ọ̀kan ò sí."

"Mẹ́jọ."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́, tí o fẹ́ sọ mí di ahun?"

"Ó tán, márùn-ún."

"Ìgbà tí mo bá kú, kó tutù nígbà náà."

Nígbà tí ìwé kejì jáde, Kogo ní kó fi àbúrò òun tí jẹjẹrẹ yìí pa han òun nínú rẹ̀.

"Wọn kì í kọ orúkọ síbẹ̀, Ìyá. Àmì tóótòòtó yìí ni wọ́n."

"Èwo ni Tabarno níbẹ̀?"

Mosonik fi ìka lé ọ̀kan. Kogo wò ó títí.

"Wọ́n mà ṣe é kékeré o."

Lẹ́yìn náà ló kan Mosonik alára. Ọkùnrin tó ti ń mu tíì rẹ̀ ní tútù bí omi òjò fún ogún ọdún, ọ̀fun kan náà ló dí. Mo gbààwẹ̀, mo bi Ọlọ́run léèrè ìdí rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ èsì, mo ṣì ń bi í. Mo bi Mosonik náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ó fi bírò kọ ọ́ fún mi: "Ooru nìkan kọ́ ló ń fà á. Ó wà lójú ewé kẹsàn-án. Ṣé ẹ ò kà á ni?"

Lọ́jọ́ tí a sin ín, wọ́n gbé tíì káàkiri, ó ń hó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ife. Ojú gbogbo wa wà lára Kogo. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ tẹ̀mómítà Mosonik jáde, ó kì í bọ inú ife rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ bá mi kà á."

"Àádọ́rin, Ìyá. Ṣé ká dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Mẹ́wàá lọmọ mi kọ́kọ́ pè é. Mẹ́wàá ni kí ẹ fún un. Ẹ gbàdúrà tó gùn."

A rẹ́rìn-ín, a tún sunkún. Pásítọ̀ Sigei di ojú, ó gbàdúrà. Nígbà tí a ṣe àmín, ooru tíì ti rọlẹ̀. A mu ún bẹ́ẹ̀, kò sì sí àlejò kan tó dìde pé òun ń lọ sílé.