Kòkòrò Tí Kò Lè Lúwẹ̀ẹ́ Mọ́

Ọmọ àgbẹ̀ ni Shukurat. Ọdún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbogbo tòmáàtì bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tewétewé tútù, bẹ́ẹ̀ òjò kò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló dé kó tó mọ̀ pé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tó ń dí ọ̀nà omi nínú igi náà.

Kòkòrò yìí gan-an ló wá ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí, nínú láàbù kékeré kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá l'Ágége. Ìrù ni kòkòrò náà fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi inú ilẹ̀, jíìnì tó jogún sínú ara ló sì ń pàṣẹ bí ìrù yóò ṣe hù. Shukurat yọ jíìnì kan ṣoṣo kúrò. Ó kán kòkòrò náà sínú àwo tí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Kò kúrò lójú kan.

Inú rẹ̀ ń dùn, àmọ́ Dókítà Oyèbọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, mi orí.

"Shukurat, ṣé kò lè rìn ni, àbí ara rẹ̀ ni ò yá? Tó o bá ti ṣèèṣì ba nǹkan mìíràn jẹ́ ńkọ́?"

"Mà, mo fara balẹ̀ ṣe é o."

"Mo gbà. Dá jíìnì yẹn padà fún un. Tó bá tún rìn, òótọ́ lo sọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló já sí pàbó. Shukurat kò lè jẹun dáadáa mọ́. Shuaib ọkọ rẹ̀ ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Shukurat ní rárá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé àwo ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún síwájú fèrèsé, kò lè wò ó.

"Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó."

Dókítà tẹ̀ síwájú. "Ó ti fẹ́ dé etí àwo!"

Shukurat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Alhamdulillah," ló ń wí, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ lójú rẹ̀.

Wọ́n da oríṣi kòkòrò méjèèjì sídìí tòmáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti rọ níbi tí kòkòrò onírù wà. Níbi tí aláìnírù wà, ẹyọ kan péré ló rọ.

"Kòkòrò náà kò tíì tán lóko àwọn àgbẹ̀ o," ni Dókítà wí, "àmọ́ a ti mọ ibi tí a ó ti dì í mú. Ó yá, lọ jẹun."

Shukurat jẹ ẹ̀wà àti dòdò, ó ní kí wọ́n tún bù sí i.