Awo Èwo?

Láti kékeré ni obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ bàtà náà ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti mọ ẹrù ẹlẹ́rù í ṣọ́. Ìyá rẹ̀ a jáde ní òwúrọ̀, a fi kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́ ọ lọ́rùn, a sì gbé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pọ̀n sí i lẹ́yìn. Bí ìyá bá dé, kọ́kọ́rọ́ a wà lọ́rùn, ọmọ a wà lẹ́yìn, ohunkóhun kì í nù.

Ó dàgbà tán, kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òun ni olùtọ́jú àká ilé iṣẹ́ náà, yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ, tí pẹpẹ onírin dúró sí ìhà méjèèjì rẹ̀, tí òórùn awọ àti ti gọ́ọ̀mù kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá òwú, ìṣó tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ti gbà á. Ọmọ tó pọ̀n nígbà èwe kò jìnnà sí i pẹ̀lú. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló mú un wọ ilé iṣẹ́ náà, níbi tí ọmọ náà ti ń fi abẹ gé awọ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Alábẹ.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni Alábẹ. Ọjọ́ tí awọ bá wà, ó jẹun. Ọjọ́ tí kò bá sí, ó káwọ́ lérí. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbàgbé, ti wá ṣèlérí: bí wọ́n bá parí bàtà dúdú tí àwọn ilé ìwé béèrè fún kí ìwọlé tó dé, òun yóò sọ Alábẹ di òṣìṣẹ́ gidi, tó ní ìsinmi, tó sì ní ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ń sùn, òun ni wọ́n fi ń jí.

Inú kọ̀ǹpútà ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń kọ ẹrù àká sí, nínú ìwé onílà-onílà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ṣíìtì. Irun rẹ̀ ti ń funfun kó tó kọ́ ọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá ti ń fẹ́ràn ọmọ tó bí lógbó. Ohun tó bá wù ú ló ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà: “Eku ti jẹ ìdajì.” “Ẹ má fọwọ́ kan èyí.” “Ẹni tó mú un mọ ara rẹ̀.” Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó ṣí ṣíìtì náà sílẹ̀ fún àwọn akunbàtà àti àwọn tí ń dáná ní ilé ìjẹun òṣìṣẹ́, kí kálukú máa kọ ẹrù tirẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Awọ tí wọ́n ń gé, “awo” ni wọ́n kọ. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun bàtà, “awo” ni. Àwo tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹun, “awo” náà ni.

Ní ọjọ́ kan, ẹni tí ń ta dátábéèsì, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fún kíkọ ẹrù, wá fi ọjà rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní nínú tòun, ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ààyè tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ orúkọ bó ṣe wù ú, yóò kàn yan nínú èyí tó wà nílẹ̀ ni. Ọ̀gá yíjú sí olùtọ́jú àká níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin lẹ ni àká. Ṣé ká rà á, àbí ká máa bá ṣíìtì yín lọ?”

Kó tó lanu, Alábẹ ti nawọ́. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rà á. Lọ́jọ́ Ajé, ṣíìtì ní awọ wà. Mo dé àká, agolo àwọ̀ ni mo bá.”

“O ò wá fi abẹ gé agolo náà!” ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Ilé pa ẹ̀rín.

Ẹ̀rín yẹn ta Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lára bí ata. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó bá ti ẹnu àbúrò jáde ní gbangba, kì í rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti gbé mì.

“Ìwọ yìí! Ẹ̀yìn mi lo wà tí o fi ń wo ọ̀nà, òní lo wá fẹ́ júwe ọ̀nà fún mi? Ta ló gbọ́ èdè wa, tí yóò rí ‘awo’, tí kò ní mọ èyí tí mò ń wí?”

“Àǹtí mi, ẹ̀rọ ò gbọ́ èdè wa.”

“Bí ẹ̀rọ ò gbọ́, èmi gbọ́! Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Awo ni èmi àti ṣíìtì mi. Ọ̀gbẹ̀rì tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kó gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún.”

Ẹ̀rín tún sọ, ó sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alábẹ wolẹ̀. Ọ̀gá, tí kò fẹ́ náwó tẹ́lẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o.” Gbólóhùn kékeré náà gba etí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọjá bí afẹ́fẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìwé fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá béèrè bóyá awọ dúdú tó, tàbí kí òun ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tà á. Orúnkún ń ro Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì dìde lọ wo pẹpẹ. Ó wo ìsàlẹ̀ ṣíìtì, níbi tí ẹ̀rọ ti ro gbogbo “awo dudu” pọ̀, ó rí i pé iye náà sanra.

“Ó tó, Ọ̀gá. Yóò tún ṣẹ́kù.”

Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì tí pẹpẹ awọ fi mọ́ foo bí ilẹ̀ tí a gbá. Agolo àwọ̀ dúdú ló kù, tí wọ́n tò bí ọmọ ogun, àti àwo dúdú tí ilé ìjẹun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àwọn tí ń ta awọ ní kò sí lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn ìwọlé. Àwọn ilé ìwé gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó pe Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó ní kó jókòó.

“Mi ò ní lé yín. Mo ti sanwó dátábéèsì, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ inú ṣíìtì yẹn. Ta ni yóò bá wa tú u sínú ẹ̀rọ tuntun? Ṣùgbọ́n mi ò lè máa sanwó fún ẹni tí ń gé awọ nígbà tí kò sí awọ. Bí wọ́n bá ti parí èyí tí wọ́n ti gé, àwọn onígbà díẹ̀ yóò máa lọ.”

“Ọ̀gá, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n lọ, kí ọmọ yẹn dúró.”

“Ṣé òun ló mọ ṣíìtì ni?” Ọ̀gá gbé gègé ìkọ̀wé rẹ̀. “Mo bi yín níwájú gbogbo ènìyàn, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ sì dáhùn.”

Bí ó ṣe di pé ẹni tó ṣì í wí jókòó sórí àga, tí ẹni tó sọ òótọ́ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn.

Dátábéèsì dé. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ “awo” sí i, ẹ̀rọ gbà á. Ó kọ èkejì, ẹ̀rọ ní orúkọ náà ti wà. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà wá fi bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ láti fi àmì sí ọ̀rọ̀ hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́: awọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́: àwọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́: àwo. Ohun tí ìgbéraga kò jẹ́ kó ṣe láti ọjọ́ yìí, tíì tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì tutù tó fi ṣe é tán.

Orí iṣẹ́ yìí ni Alábẹ wọlé bá a, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ká, tó fi abẹ lé orí aṣọ náà.

“Ẹ káàsán, Àǹtí mi. Wọ́n ní kí n dá ẹrù ilé iṣẹ́ padà.”

“Jókòó, àbúrò mi.”

“Ìdúró náà dára.”

“Jọ̀ọ́, má bínú. Ahọ́n mi ló…”

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Èmi tí ẹ pọ̀n yìí, awo èwo ni mo jẹ́? Ṣé èyí tí wọ́n ń gé ni, àbí èyí tí wọ́n ń kùn, àbí èyí tí wọ́n jẹun nínú ẹ̀ yó tán, tí wọ́n wá tì sẹ́yìn?”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nawọ́. Ó gba abẹ náà. Èèkù rẹ̀ ti jẹ sínú, ó ti gba àpẹrẹ àtẹ́lẹwọ́ Alábẹ. Ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé abẹ ti padà dé, ẹ̀rọ sì béèrè pé: kí ló dé tí ó fi padà? Ìdáhùn mẹ́ta ló tò síbẹ̀ fún un: Ó ti gbó. Ó bàjẹ́. A kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ká ní ṣíìtì ni, ì bá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Èmi ni mo fà á.” Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kò gba ọ̀kankan. Yíyàn ni kó yan.

“Àǹtí mi, ẹ ṣe é kíá. Bí ẹ ò bá tíì gbà á wọlé, wọn ò ní ṣí géètì fún mi.”

Ó tún gbé abẹ náà wò. Kò gbó. Kò bàjẹ́, ó mú kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tẹ ẹ̀kẹta.