Ilà Bàbá Mi ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo lè fún yín láyè, Dádì," ni ọmọbìnrin tó ni sítúdíò náà wí. "Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ti gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ yín sílẹ̀."

Mo fọwọ́ gbá tábìlì rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ kẹ̀! Bàbá mi wà níbi tí mi ò mọ̀, òjò ń pa á, o ń dá Ọjọ́bọ̀ fún mi! Lónìí yìí ni wàá yà mí, àbí kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ sùn síbí." Onínúfùfù ni mí, gbogbo Ìkọ̀lé ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, iyè rẹ̀ sì ti ra. Ó ti pẹ́ tí kò ti mọ̀ mí mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Káfíńtà, o ṣé o," bíi pé ilẹ̀kùn ni mo wá tún ṣe. Káfíńtà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni àkọ́bí rẹ̀! Ó máa ń dùn mí wọra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi yí ẹ̀yìn padà láti ro ọkà, kó tó yíjú padà, àga Bàbá ti ṣófo. A wá a dé oko, a wá a dé odò. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a kéde lórí rédíò. Kò sí Bàbá.

Àwòrán rẹ̀ kan péré ló wà nílé. Kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun rárá. Kámẹ́rà ò ní tíì jáde tán tí á ti dìde. Ti inú káàdì ìdìbò rẹ̀ ńkọ́? Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún ni àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó fárígá pé dandan ni ká gbé Bàbá lọ sí sítúdíò, ká rí èyí tí a máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Ọmọbìnrin tó ni sítúdíò yìí náà ló yà á. Ó dán, ó pọ́n, Bàbá wá dà bí ọ̀gá báńkì. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kọ̀ǹpútà ti nù ún. Àpá àdá tó wà lókè ojú rẹ̀, ó ti nù ún. A pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn. Àbí kí la mọ̀? Bàbá fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kọlà fún ìkankan nínú àwa ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹkún tí òun sun lọ́jọ́ tí wọ́n kọ tòun ti tó fún gbogbo ìdílé.

Àwòrán dídán yìí ni mo gbé lé ọ̀kadà, tí mo fi ń wá a kiri. Ọ̀sì, wọn ò rí i. Ayébòdé, wọn ò rí i. Mo ti fẹ́ kúrò ní Ayébòdé nígbà tí obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì mirí. "Ọ̀gá yìí ò kọjá níbí. Bàbá kan tó kọ pélé ni mo fún ní àkàrà níjẹta. Ó lápá lójú. 'Ulé dà, ulé dà' ló ń bèèrè ṣáá, bí ẹni tó ń wá ilé rẹ̀."

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Bàbá mi ti jẹun níwájú rẹ̀, àwòrán ọwọ́ mi sì ń bá a jiyàn pé òun kọ́. Ẹni mélòó ló ti rí i, tó sì ti mi orí bẹ́ẹ̀?

Ìyẹn ni mo fi sáré padà sí sítúdíò. Ọmọbìnrin náà tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, kò rí èyí tí kò tíì tún ṣe. Ó ti pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni mo gbójú sókè, tí mo rí ara mi nínú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń túnra ṣe. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé èmi àti Bàbá jọra bí ìmumu. Irun mi náà ti funfun. Mo ní, "Ya èmi." Ìgbà yẹn ló dá Ọjọ́bọ̀ fún mi, tí mo gbá tábìlì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, àwọn ọmọ yunifásítì tó ti wọ aṣọ oyè wọn fúnra wọn ló ní kí n bọ́ síwájú. Ọ̀kan nínú wọn mú pẹ́ńsùlù tó fi ń kun ìpéǹpéjú, ó fi fa pélé sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fi ya àpá sókè ojú mi, bí mo ṣe ń júwe. Mo dé fìlà Bàbá tó wà lápò mi. Mo jókòó. Ọmọbìnrin náà gbé kámẹ́rà, bó ṣe mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní, "Dádì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Ẹ̀rín? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Yà á! Bí o bá sì nu nǹkan kan kúrò lójú mi, èmi pẹ̀lú rẹ ni!"

Ó ń sunkún bó ṣe ń yà á. Kò nu nǹkan kan. Kí n tó dé ìta, ọlọ́kadà kan ti dì mí lápá mú: "Bàbá, wọ́n ń wá yín o!" Mo fi omi ẹ̀rọ fọ ojú mi, omijé pẹ̀lú rẹ̀ ló jọ ń ṣàn.

Wọ́ọ̀tsáàpù gbé àwòrán náà káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kan ní Ìlúpéjú pè mí. Mo bá Bàbá lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ń mí. Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ náà mú. Lèmọ́mù fẹ́ kó dá òun lójú, ó na fóònù tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ sí Bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Àwọn ni," ni gbogbo àwọn tó dúró tì wá ń wí.

Bàbá gba fóònù, ó wò ó títí, ó fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà. Ojú rẹ̀ le koko. "Ta ló kọlà fún ọmọ mi?"

Ó yíjú sí mi. "Káfíńtà, wá wò ó. Àkọ́bí mi nìyí. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé. Ẹ ó bá a níbẹ̀."