Susanna Ò Fọwọ́ Sábẹ́ Ìlà Pupa Rí

Ní ọdún 1997, bí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, agogo kẹ̀kẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ẹni tó ni ín. Ẹ yáa yà fún un. Mísíìsì Susanna Olúbọ̀dé ló ń bọ̀, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgàndo, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó wọ ṣòkòtò, ó so ìborùn mọ́rí gírígírí, ó sì di ìró àti bùbá tí yóò wọ̀ ní kíláàsì sínú ọ̀rá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí eruku má bàa bà wọ́n jẹ́. Kì í wọ̀tún wòsì bí ẹni tó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé òun ló la ọ̀nà náà.

Ọmọ Èfọ̀n ni, ní Èkìtì, ìlú tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti jáde nílé, àfi kó gun òkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin ṣáájú rẹ̀, kòkó sì kún oko. Nígbà tí Susanna pé ọmọ ọdún méjìlá, bàbá gbé e sórí kẹ̀kẹ́ Ràlé rẹ̀, ó di àpò kòkó sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Má wo ilẹ̀ o. Ibi tí o bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ." Àwọn ará àdúgbò ní bàbá ń sọ ọmọbìnrin di ọkùnrin. Bàbá kọ etí ikún sí wọn. Nígbà tó kú, tí àwọn àbúrò ń pín oko, tí Susanna ní kẹ̀kẹ́ lòun fẹ́, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó gbé e sórí ọkọ̀ wá sí Èkó, òun ló sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Festus ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ìkẹjà, kọ́kọ́ ráhùn. Ó ní kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa wí? Susanna ní kó lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n ra mọ́tò fún òun. Láti ọjọ́ náà, Festus ló ń bá a fẹ́ táyà láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Ìwé gbàǹgbà kan wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Bí olùkọ́ bá ti dé, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó dé sínú rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Bí aago mẹ́jọ bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀gá àgbà yóò mú bíírò pupa, yóò fi rúlà fa ìlà gbọọrọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, abẹ́ ìlà pupa ni yóò fọwọ́ sí, kò sì sí ẹjọ́ tó lè rò tí ìlà yẹn yóò fi parẹ́. Òjò ni o, ọyẹ́ ni o, Susanna kò fọwọ́ sábẹ́ ìlà pupa rí fún odidi ọdún mẹ́sàn-án. Ká sòótọ́, ó máa ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ náà sójú ni ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí. Ará Oǹdó ni, ó síngbọnlẹ̀, ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, ó sì ní mọ́tò ìjàpá aláwọ̀ búlúù tó ń nù láràárọ̀ bí ẹni nu awo ìjẹun. Ọ̀sẹ̀ tó dé ilé-ìwé náà, ní ọdún tó ṣáájú, ló ti ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ dúró níwájú ọ́fíìsì mọ́.

"Àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ló ni kẹ̀kẹ́," ló wí. "Olùkọ́ obìnrin, ó tún wá wọ ṣòkòtò! Àwọn òbí ń fi wá rẹ́rìn-ín, Mísíìsì Olúbọ̀dé."

Susanna gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, ó fi páálí bo ìjókòó rẹ̀ nítorí eṣinṣin, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yá ni epo bẹntiróòlù bá di ohun àwárí. Àwọn ilé epo ti géètì wọn, mọ́tò tò síwájú wọn láti àárọ̀ di alẹ́. Ọlọ́kadà ń sùn lórí ọ̀kadà gbígbẹ. Àwọn olùkọ́ tó ń ti Ẹgbẹ́dá àti Baruwa wá kò rí ọkọ̀ wọ̀, abẹ́ ìlà pupa sì kún fọ́fọ́. Lókè ìlà, orúkọ Susanna nìkan ló máa ń dá dúró síbẹ̀. Ẹ ó rò pé ọ̀gá yóò yìn ín. Rárá o! Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń pẹ́ dé, aṣọ́gbà ilé-ìwé ló ń bá a fa ìlà, orúkọ kan ṣoṣo yẹn sì ń ta á lójú láràárọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó pè é sí ọ́fíìsì, ó sì fi lẹ́tà kan hàn án. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ yìí ń tàbùkù sí iṣẹ́ tíṣà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé kan lápá Bàdágìrì.

"Ọjọ́ Ajé ni Ìyáàfin Àjíṣafẹ́ alábẹ̀wò ń bọ̀," ni Ọ̀gá Ilésanmí wí. "Bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá tún wọ inú ọgbà yìí lọ́jọ́ náà, n ó fi lẹ́tà yìí lé e lọ́wọ́." Ó ti lẹ́tà bọ inú àpótí ìwé rẹ̀, àpótí aláwọ dúdú tó máa ń gbé lọ́wọ́, ó sì pa á dé.

Ọ̀rọ̀ náà dun Susanna. Bàdágìrì! Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé-ìwé ní Ìjẹ̀gùn, Festus wà ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀, ilé rẹ̀ ti pín sí méjì nìyẹn.

Festus bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. "Jọ̀ọ́, wọ bọ́ọ̀sì lọ́la nìkan, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Bọ́ọ̀sì wo?" ni Susanna dáhùn. "Bí mo bá dúró de bọ́ọ̀sì, abẹ́ ìlà pupa ni n ó wà lójú alábẹ̀wò. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́, lẹ́tà ni. Kí n kúkú tètè dé gba lẹ́tà mi, jàre."

Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ Ìjẹ̀gùn tó mọ̀ lóókan lóókan, aago méje sì lù nígbà tó ń kọjá ní Ìkòtún. Èrò dúró lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní títì, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán bóyá ọkọ̀ yóò yọ. Ẹnì kan kígbe pé, "Ìyá oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbé mi o!" Susanna lu agogo fún un, ó kọjá.

Ó ti rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìgàndo kó tó rí kóòtù kan níwájú. Kóòtù yẹn kò ní ìkejì ní gbogbo Alimọ́ṣọ́. Ọ̀gá Ilésanmí ni, ó ń fẹsẹ̀ rìn! Ó ti fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ nílé epo kan ní Ìkòtún láti àná, ó gbé àpótí ìwé lé èjìká bí ẹni ru igi ìdáná, eruku sì ti bo bàtà rẹ̀. Susanna wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọ̀gá bá ń rìn báyìí, aago mẹ́jọ yóò lù mọ́ ọn lójú ọ̀nà, gbogbo tíṣà ló sì mọ̀ pé Ìyáàfin Àjíṣafẹ́ máa ń dé kí agogo tó lù, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà pupa.

N kò ní í parọ́ fún yín, inú Susanna dùn. Ó lu agogo, ó kọjá lára ọ̀gá fẹ̀ẹ́. Ó tó òpó iná mẹ́wàá kó tó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ti jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà kan, ó ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ó sì dorí kodò. Ọkùnrin tó ń nu mọ́tò láràárọ̀! Àánú ṣe é, inú sì bí i pé àánú ṣe é.

"Susanna, ìwọ náà ò mọ ìkà á ṣe," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ gun ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn kí ni?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ni, sà."

Ọ̀gá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Èmi, lẹ́yìn obìnrin? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni n ó wà á, kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn."

Susanna sọ̀ kalẹ̀, ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó sì gbé ọ̀gá àgbà lọ sínú kòtò olómi, gbàù! Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ará ìyókù níbẹ̀, àfi Susanna, ẹ̀rín sì ti gbọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé ẹnu.

"N ò mọ̀ ọ́n wà," ni ọ̀gá wí láti inú ẹrẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Katikíìsì ni bàbá mi. Ó ní ọmọ katikíìsì kì í gun kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló mọ̀ ọ́n wà, àfi èmi."

Ẹ̀rín Susanna pòórá. Ó rántí gbogbo ọdún kan páálí àti eṣinṣin, ó sì wo ọkùnrin tó ń nu ẹrẹ̀ kúrò lójú yìí. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde.

"Kò burú, sà. Ẹ di abẹ́ ìjókòó mú dáadáa. Ẹ má sì wo ilẹ̀."

Ọ̀gá Ilésanmí wúwo ju àpò kòkó lọ, ká má purọ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń ké. Àpótí ìwé há sáàárín ikùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn Susanna, etí àpótí sì ń gún Susanna lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bọ́ sí gegele. Lẹ́tà tó fẹ́ gbé e lọ sí Bàdágìrì wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé e lọ fún alábẹ̀wò. Àpò kòkó tún sàn, kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra! Kòtò! Ẹ wo ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń lọ sí ààtàn Solous!"

"Ẹ dákẹ́, sà. Kíláàsì tèmi nìyí."

Ọ̀gá tún di abẹ́ ìjókòó mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀, tó rò pé Susanna yóò ní kí òun sọ̀ kalẹ̀, Susanna dìde lórí ìjókòó, ó fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ta ló ń pe ìyẹn ní òkè fún ọmọ Èfọ̀n? Òógùn bo ojú rẹ̀, itan rẹ̀ ń jó bí iná, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ rí wọn. "Tíṣà gbé Hẹ́dímásítà! Tíṣà gbé Hẹ́dímásítà!" Wọ́n sáré tẹ̀lé wọn wọ inú ọgbà. Ìyáàfin Àjíṣafẹ́, obìnrin tó sanra dáadáa, tó lo awò ojú, dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí aago mẹ́jọ lù.

Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí ìwé, ó mú bíírò, ó sì nà án sí Susanna. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

Susanna fọwọ́ sí i. Ọ̀gá fọwọ́ sí abẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú bíírò pupa, tó fa ìlà sábẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni alábẹ̀wò wí. "Ọ̀gá, ẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ẹ ní ẹjọ́ olùkọ́ kan. Ẹ ní lẹ́tà wà. Ó dà?"

Susanna ti gbàgbé pé èèyàn lè gbé ẹni kan débi tó ń lọ kí onítọ̀hún sì tún ṣe ohun tó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. Ó dúró ṣánṣán nínú ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọ̀gá.

Ọ̀gá ṣí àpótí. Ó mú lẹ́tà jáde, ó wò ó títí, ó ká a sí méjì, ó sì tì í bọ àpò kóòtù rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti rin.

"Ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ ni, mà. Olùkọ́ yìí ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́."

"Ta ló ní kó máa gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà," ni Ọ̀gá Ilésanmí dáhùn. "Mo ṣì í ṣe. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò."

Alábẹ̀wò wo ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò ọ̀gá, ó wo òógùn ojú Susanna, ó sì bojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ọ̀gá jáde lójú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, ó di apá kẹ̀kẹ́ mú pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó sì tì í lọ síwájú ọ́fíìsì, síbi tí mọ́tò ìjàpá rẹ̀ máa ń wà.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ́sàn-án, Susanna ti gun kẹ̀kẹ́ tán kó tó gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀.

"Mísíìsì Olúbọ̀dé. Epo ò tíì dé o."

"Mo gbọ́, sà."

Ọ̀gá wúkọ́. "Aago mélòó lẹ máa ń kọjá ní Ìkòtún?"

"Aago méje géérégé, sà. N kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ó ti tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó yíjú padà. "Àpótí yẹn, sà, ẹ fi sílé. Ó ń gún mi lẹ́yìn."